Batẹ́mù Tí Màmá Mi Wá Dá Dúró ní Sakété

Ẹ̀yìn Ọjà,
Pobè.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2024.

Félicité, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

A kú àìríra o. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Ṣé o ti ń lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ti kó àgbàdo wọn kúrò lóko tán? Sọ fún ìyá àgbà pé gaàrì tí wọ́n fún mi ti tán, ṣùgbọ́n mi ò tọrọ o.

Ìran gidi lo pàdánù ní Sakété ní Sátidé. O mọ̀ pé ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ àwa ọmọbìnrin ẹkùn Plateau tó wà ní yunifásítì Calavi fẹ́ gba àwa tuntun wọlé, tí wọ́n á bu ife omi kan sí oníkálukú lórí, tí wọ́n á sì yan ẹ̀gbọ́n kan fún un tí yóò jẹ́ máréènì rẹ̀, ìyẹn alágbàtọ́ rẹ̀ nílé-ìwé. Batẹ́mù ni gbogbo wa ń pè é. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo sọ fún Màmá mi ní ìsọ̀ aṣọ wọn pé mò ń lọ ṣe batẹ́mù ní Sakété, mo sì fò sẹ́yìn ọ̀kadà sẹmijan. Ni wọ́n bá bi Ìyá Huguette, oníbàárà wọn, pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ní ìrìbọmi ni, ó sì kí wọn kú oríire. Àwa tí a kì í pa ìrun kan jẹ nílé!

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú Béatrice, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n yàn fún mi, ni mo gbọ́ ohùn Màmá mi lẹ́nu ọ̀nà: “Munirat! Dìde níbẹ̀!” Ìbòrí wọn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní mi ò ní padà sí Calavi mọ́, aṣọ ni màá máa bá àwọn tà. Ẹ̀rù bà mí, torí Màmá mi kì í halẹ̀ lásán, ẹ̀kọ́ yìí ni mo sì fẹ́ jù láyé.

Béatrice kúnlẹ̀. “Páàdọ́ọ̀, Màmá. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Eré àwa ọmọ ilé-ìwé ni.”

Wọ́n ní kí ló wá dé tí ẹ fi ń pè é ní batẹ́mù. Faransé ló kó wa sí i, batẹ́mù kan náà ni wọ́n ń pe ìrìbọmi àti irú eré yìí.

“Ta ló ń jí i kírun ní Calavi?”

Béatrice dáhùn pé, “Èmi ni, Màmá. Yàrá kan náà la wà. Oorun rẹ̀ wúwo, omi ni mo máa ń wọ́n sí i lójú.”

Ojú tì mí, nítorí mo ti sọ fún wọn pé èmi fúnra mi ni mò ń jí. Màmá mi wò mí títí, ni ẹ̀rín bá pa wọ́n. Wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa da omi sí ọmọ àwọn lórí bí kò ṣe àwọn. Béatrice na ife sí wọn. Korobá ni wọ́n gbé.

“Màmá, ife kan ni o!”

“Èmi tí mo bí i? Mi ò fi ife wẹ̀ ẹ́ rí.”

Wọ́n da gbogbo rẹ̀ lé mi lórí! Wọ́n wá fi ìbòrí wọn nù mí lójú, wọ́n fi ọwọ́ mi lé Béatrice lọ́wọ́. “Ọmọ rẹ nìyí. Máa jí i.” Mo sunkún, Félicité, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bá mi kí Jérôme ẹ̀gbọ́n rẹ àti gbogbo ará ilé ní Aguidi. Mọ́ńdè ni mo ń padà sí Calavi. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn tètè san, torí batẹ́mù tìrẹ ṣì wà nílẹ̀, Màmá mi sì ti ní àwọn fúnra àwọn ló máa gbé korobá wá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ń sín láti Sátidé,
Munirat