Baálé Kò Kùn Mọ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

Ilé tuntun dé! Aláwọ̀ ewé, ó ń dán gbinrin. Mo ti ojú fèrèsé rí ẹni tó ń pín ẹrù, sálúbàtà ni mo fi sáré sọ̀kalẹ̀. Gègé oníyíǹkì tí owó rẹ̀ kò tó ti abọ́ ọbẹ̀ wonton kan, ẹ wá wo bí inú mi ṣe ń dùn. Yulu ọmọ mi ní kí n yéé ra pàǹtí jọ, òun á ra ojúlówó gègé ilẹ̀ Jámánì fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Baálé kò lè wọ inú rẹ̀.

Baálé — ẹnu gègé Zhongyi, ọkọ mi. Ara gègé náà ti sán lọ́dún tí Zhongyi kú, irin ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù, èyí tó fi ń kọ̀wé kí a tó fẹ́ra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ilé fún un. Ó ti gbé inú pupa, ó ti gbé inú dúdú, ó ti gbé inú ọ̀kan tó rí bí ìgò oògùn ikọ́. Kí n tó gbé ìrẹsì kaná lónìí, mo ti fà á yọ, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti tì í bọ inú aláwọ̀ ewé. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

Ó ṣì ń kùn. Ha, ha, ha lórí ìwé. Ẹ̀rọ ló tẹ ìka ìfábẹ̀là Zhongyi nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kò ṣeé ká mọ́. Àárín ìka yẹn àti ìka tó gùn jù ló ń ki gègé bọ̀, á wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin náà sì jẹ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yọ̀ geere. Lọ́wọ́ tèmi, kìkì ìkùnsínú. Bí ẹni tó ni ín gan-an ló ṣe rí: kò sí ọbẹ̀ tí kì í kùn sí, á sì lá abọ́ mọ́. Mo fẹ́ràn ìkùn yẹn. Òun ni mo fi mọ̀ pé ẹnìkan wà nílé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta

Òjò. Síbẹ̀ a pàdé ní ilé tíì inú ọgbà. Àwa mẹ́ta tí a fẹ́ràn gègé: èmi, Ẹ̀gbọ́n Cai àti Suzhen. Oníyanrìn ni mo ń pe Cai nínú ìwé yìí, nítorí bébà oníyanrìn kíkúnná kì í wọ́n lápò rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ tí irin kan ń ha ìwé, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un láti fi bébà náà fá a. Suzhen ni Ariwo. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gé irun fún gbogbo àdúgbò, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi lọ́jọ́ kan.

A ṣe bí a ṣe ń ṣe: gbogbo ẹnu gègé sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan náà, kí kálukú mú tirẹ̀, kí ó dán an wò nínú ara gègé ẹlòmíràn. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, ìyẹn ló dùn nínú rẹ̀. Ariwo ń sọ bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe gbé akàn sínú ìkòkò láì dì í ní okùn, tí akàn sì ń rìn kiri ilé ìdáná, tí ìyàwó gun àga. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mú tèmi nínú abọ́, mo nù ún, mo relé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin

Kò kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo rò pé bébà ni. Mo pààrọ̀ bébà. Mo rò pé yíǹkì ni. Mo da yíǹkì nù, mo rọ òmíràn sí i. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ àdírẹ́sì ilé wa àtijọ́ nínú kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti wó. Geere, geere. Àjèjì ni. Àjèjì ló wà nínú ilé mi láti ọjọ́ Àìkú, mo sì ń fún un ní yíǹkì mu!

Ojú tí ẹ̀rín ti fọ́ ni mo fi mú irin ẹlòmíràn. Abọ́ kan náà, irin kan náà, àmì kan náà lára gbogbo wọn. Orí mi gbóná.

Mo pe Oníyanrìn, kò gbé e. Ó ti lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Suzhou, ó sì máa ń gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé. Mo pe Ariwo. Ó ní, “Màmá Yulu, irin kan ṣoṣo ni gbogbo ariwo yìí? Màá fún ọ ní mẹ́wàá, kí o fi mẹ́sàn-án ta eyín!” Mo sọ fún un pé ti Zhongyi ni. Ó gé fóònù lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé, òjò ń kán lára rẹ̀, ó kó gbogbo gègé rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì. A dán gbogbo wọn wò lórí tábìlì ìjẹun. Kò sí èyí tó kùn. Ó ní, “Á jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Cai ló wà. Fọkàn balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Cai kì í sọ nǹkan nù.”

Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Cai kì í sọ nǹkan nù, ó máa ń tún un ṣe ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Bírò ni mo fi ń kọ ọ́. N kò fẹ́ fi ọwọ́ kan aláwọ̀ ewé.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni èmi àti Zhongyi ti kọ́kọ́ pàdé. Ìgbà òtútù, ìbọ̀wọ́ tí kò ní ìka lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kọ àdírẹ́sì sára ẹrù tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, gègé tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì ti gbẹ. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn mi, gègé méjì ló fi há àpò àyà rẹ̀ — ẹni tó bá há méjì nígbà náà, ó fẹ́ kí a mọ̀ pé òun kàwé ni. Mo yá ọ̀kan. Ó ń ha bébà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya àdírẹ́sì ìyá mi. Mo ní, “Bọ̀dá, gègé yín bàjẹ́.” Ó ní, “Kò bàjẹ́ o. Kò tíì mọ̀ yín ni. Ẹ máa yá a lóòrèkóòrè.”

Mo yá a lóòrèkóòrè. Kò mọ̀ mí títí dòní. Háà, àárò rẹ̀ sọ mí lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Yulu pè. Mo ní ara mi le.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ó ti ṣẹlẹ̀.

N kò tíì jókòó tí Oníyanrìn ti ń rẹ́rìn-ín láti ọ̀ọ́kán. Ó ní, “Màmá Yulu, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Irin kan tí mo mú nínú abọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ń ha bí èékánná ológbò. Mo ní ta ló ń fìyà jẹ ara rẹ̀ báyìí? Mo jókòó tì í ní Suzhou, mo rọra fi bébà mi fá a, mo fá a. Ẹ kọ ọ́ wò!”

Mo kọ ọ́. Ó ń yọ̀ geere.

Ẹkún gbà mí níwájú gbogbo ilé tíì. Ariwo jágbe mọ́ Cai: “Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Ọwọ́ rẹ kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni? Irin ọkọ rẹ̀ ni o!” Ojú Cai funfun. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an: “Èmi ò mọ̀. Ta ló ń fẹ́ irin tó ń ha?”

Èmi ni. Èmi ni mo ń fẹ́ ẹ. Cai kò mu tíì rẹ̀ tán kó tó lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Baálé ti wọlé padà. Òun ló ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo bínú sí Cai, mo bínú sí abọ́, mo bínú sí akàn Ariwo.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Cai gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú akàn, wọ́n di wọn ní okùn dáadáa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì. Ó ní òun kò rí oorun sùn. Ó ní, “Ohun tí mo fá kúrò, n kò lè dá a padà. Ká ní owó ló lè rà á ni.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ ká se akàn.” N kò ní agbára ìbínú mọ́.

A jẹun. Ó bi mí báwo ni bàbá Yulu ṣe ń di gègé mú. Mo mú igi ìjẹun kan láti fi hàn án: mo na ìka kan gbọọrọ, mo ki igi náà sí àárín ìka méjì, mo dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Cai wò ó, ó wò ó. Èmi náà ń wo ọwọ́ mi. N kò di nǹkan kan mú báyìí rí láyé mi. Gbogbo ọdún yẹn, mo kàn ń wò ó ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn yọ. Mo ti mu tíì, mo ti bomi rin òdòdó.

Mo gbé Baálé. N kò dì í mú bí mo ṣe ń dì í mú. Mo na ìka yẹn gbọọrọ, mo dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ṣe máa ń dà á. Mo fi kan bébà.

Ha.

Mo tún un ṣe. Ha, ha. Cai ti fá a fún ọwọ́ gbogbo ayé, ẹ̀gbẹ́ tí Zhongyi ń tẹ̀ ló wá mú ṣáṣá báyìí. Ká ní ó wà níhìn-ín, òun ni ìbá máa jà: ta ló fọwọ́ kan gègé mi? Mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Báyìí ni mo ṣe ń kọ èyí. Ìka ń ro mí, ìlà wọ́, Yulu kò ní lè kà á. Ibi tí ìka rẹ̀ máa ń wà ni tèmi wà.

Máa kùn, bàbá Yulu. Mo ń gbọ́.