Ìròyìn Tí Wọ́n Fi Sí Ọkọ Mi Lẹ́nu

Ojúlé 12, Òpópónà Merhautova,
Brno.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin, 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Lórí Ìwé Ìròyìn,
Praha.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ORÍSUN ÌRÒYÌN INÚ HERNÍ LUCERNA

1. Opó Bedřich Hruboš ni mí. Ọkọ mi ló ya igbó àti òkè inú eré orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣe eré àkọ́kọ́ náà ti lọ síbòmíràn, òun nìkan ló kù.

2. Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, Herní Lucerna, ìwé ìròyìn tó ń kọ nípa eré orí kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ ọkọ mi fẹ́ dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ lẹ́nu "ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà eré àkọ́kọ́." Wọn kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ìdárúkọ wo ló tún kù?

3. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kẹ̀yìn sí i. Bí ó bá gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ dé ìdí tábìlì, wọn a dìde. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Drahomíra, tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, ṣé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i ni?" Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé. Ó kú ní oṣù Kejì. Ẹnì kankan kò wá láti ibi iṣẹ́ nígbà tí a sun òkú rẹ̀.

4. Lẹ́yìn náà ni Ctibor Malenovský, tó kọ ìròyìn náà, wá bá mi nílé. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn olólùfẹ́ eré ti ń tàkúrọ̀sọ, ni òun ti rí i, òun sì fi "láti ìgbà eré àkọ́kọ́" kún un kí ó lè tẹ̀wọ̀n. Ó ń sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù." Mo ní kó jókòó.

5. Mo kọ̀wé sí olóòtú. Wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti wà níbẹ̀ rí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

6. N kò bèèrè owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́, àti pé kì í ṣe Bedřich ló sọ ọ́. Eérú ọkọ mi ṣì wà nílé lọ́dọ̀ mi. N kò fẹ́ dá nìkan sin ín. Mo fẹ́ kí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ ka àtúnṣe náà, bóyá wọn a wá síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tèmi.

Èmi ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,
Drahomíra Hrubošová,
Opó olóògbé Bedřich Hruboš.