Òpó Tí O Fi Yan Ẹja

Kọ́lájọ,

Má bínú bí mo ṣe jágbe mọ́ ọ láàárọ̀. Ó ti rẹ̀ mí ni. O ṣeun tí o pààrọ̀ òpó abẹ́ ilé tó jẹrà, ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni mo ti ń sàmì bí omi ṣe ń ga, fún ìwé tí mò ń kọ ní yunifásítì nípa ilé orí omi. Ìwọ wá fi yan ẹja! Ẹja náà dùn, mi ò purọ́, àmọ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ló bá èéfín lọ.

Mo ń lọ ṣàlàyé fún olùkọ́ mi. Mo ti fa ìlà pupa sára òpó tuntun. Ibẹ̀ lomi dé lónìí, kò dé ibẹ̀ rí. Tó bá kọjá ibẹ̀ kí n tó dé, má wọ̀n ọ́n. Gbé Màmá sọ́kọ̀, kí ẹ kọrí sí Mahintedo, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Moríkẹ́