Àgbá Tí Mo Ha Orí Òkú Kúrò Lára Rẹ̀

Ẹ má bínú pé n kò ní dárúkọ ara mi. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ ha àwòrán orí òkú kúrò lára àgbá tí mo fún ìyàwó àbúrò mi kó máa fi tọ́jú omi mímu... mo mọ ohun tí àwòrán yẹn ń sọ, mo sì ha á kúrò. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná, kí ẹ tó bú mi.

Minna níbí ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àgbá rọ́bà àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni mò ń tà. Ẹni tó bá mọ àdúgbò Nassarawa tiwa yìí á mọ̀ pé omi ẹ̀rọ lè má yọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mai ruwa tó ń ti omi kiri lójúlé-dójúlé ló ń gbà wá, torí náà ilé tí kò bá ní àgbá, wàhálà ló wà níbẹ̀. Àwọn àgbá tá à ń tà, òmíràn gbé òróró wá, òmíràn gbé ọṣẹ, òmíràn sì gbé oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò oko... àwọn yẹn ló ní orí òkú lára. Àwọn náà ló sì nípọn jù, wọn kì í tètè ya. Gbogbo àwa tá a jọ ń tà á la mọ ohun tá a máa ń ṣe: omi gbígbóná, ọṣẹ, eérú, ká sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ká wá ha orí òkú kúrò. Bíríkìlà la máa ń tà á fún jù, wọ́n ń fi rọ omi tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Nílé tèmi, inú àmù la ti ń mu omi. Ṣé ẹ rí i? Mo mọ̀. Wallahi, mo mọ̀.

Nígbà tí àbúrò mi Délé fẹ́ Bọ́lá (kì í ṣe orúkọ wọn nìyẹn o), mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí rí i pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ṣe bẹbẹ. Mo fún wọn ní àgbá búlúù tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù mi, a rọ omi kún un, omi inú rẹ̀ gan-an la fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi wá kúnlẹ̀ bá mi pé Àǹtí, ẹ má bínú o, omi àgbá yìí ń rùn díẹ̀. Haba! Inú bí mi. Ìyàwó àná tó ń tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀bùn ilé ọkọ? Mo bi í pé ṣé omi ilé bàbá rẹ̀ kì í rùn ni. Ó bẹ̀ mí, kò sì sọ ọ́ mọ́ láéláé. Awakọ̀ ọlọ́nà jíjìn ni Délé, ọjọ́ méjì ló ń lò nílé lóṣù, Màmá wa sì ń gbé lọ́dọ̀ mi, torí náà Bọ́lá nìkan ló ń mu omi yẹn lójoojúmọ́.

Lọ́dún kejì, ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́ níbi tó ti ń rẹ́ ilá, ojú egbò yẹn ò pa dé fún oṣù méjì. Oówo, egbò ẹnu... ikọ́ tí gbogbo àdúgbò wú tí wọ́n sì gbàgbé, tirẹ̀ ò lọ. Ó rù. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ bí obìnrin bá rù tó sì ń wúkọ́ láyé ìgbà yẹn... wọ́n ní ó ti kó àrùn éèdì tó gbòde. Ọsibítù yẹ̀ ẹ́ wò, negative. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, negative. Dọ́kítà wá ṣàlàyé fún wa pé àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó ń bá àìsàn jà, pé ti Bọ́lá ti dín kù gan-an, àwọn tó ṣẹ́ kù pàápàá ò lágbára. Ó ní àwọn kẹ́míkà kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn díẹ̀díẹ̀. Ó bi í pé ṣé ó ń fín oògùn sóko ni? Kí ló ń jẹ? Omi wo ló ń mu? Bọ́lá ní omi mai ruwa ni, dọ́kítà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó tì í, mo di báàgì rẹ̀ mú. Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ṣé ìtìjú ni? Ṣé ọjà mi ni mo rò? Mi ò mọ̀, títí dòní mi ò mọ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Màmá ní ká máa gbàdúrà sí omi fún un, ife mẹ́ta láràárọ̀ kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu. A máa ń lọ sílé rẹ̀, inú àgbá yẹn la ti ń bu omi náà, èmi ni mo sì ń bù ú. Màmá á gbàdúrà, èmi á ṣe àmín, Bọ́lá á gbé e mu. Mò ń sọ fún ara mi pé mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́ dáadáa...

Nígbà tó yá, Délé kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Omi kànga ló ń mu níbẹ̀. Ọdún kan ò pé tí egbò fi jinná, tí ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Mo bá a pàdé níbi òkú kan nílé lọ́dún tó kọjá, ó sáré wá kúnlẹ̀, ó ní Àǹtí, ẹ ṣeun o, àdúrà yín ló gbà. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Bóyá àgbá ni, bóyá òun kọ́, dọ́kítà fúnra rẹ̀ ò lè búra. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ha kúrò.

Délé ń gbé ìyàwó tuntun lóṣù tó ń bọ̀. Àgbá búlúù ṣì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, Màmá ti ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ sílẹ̀ de ẹsẹ̀ ìyàwó. Mo lè dá a lu, kí n ní ó ti ya. Ìyàwó tuntun á bọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n orúkọ Bọ́lá ńkọ́? Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹni tó lárùn ni wọ́n ń pè é, kò sí ọkùnrin tó dúró tì í. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, Délé ò ní dárí jì mí, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá Màmá jà ò sì gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí mo ti tà á fún ńkọ́? Gbogbo wọn kọ́ ni bíríkìlà o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ọ̀kan ní Bosso, níwájú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Mo dá a mọ̀ níbi tí mo ha. Ife wà lórí ìdérí rẹ̀. Mo kọjá lọ.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dá àgbá lu kí n pa ẹnu mọ́, àbí kí n sọ̀rọ̀ kí ilé wa dàrú? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ bú mi bó bá wù yín, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà. A gbàdúrà sí omi yẹn láràárọ̀, èmi ni mo ń ṣe àmín, Bọ́lá sì ń mu ún.