Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Mo Ń Fi Sílẹ̀ Lórúkọ Màámi

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orúkọ mi jáde. Ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fi ń mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́ lára Màámi láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Màámi. Tèmi ni.

Iṣẹ́ tiles ni mò ń ṣe ní Kuje, JSS 3 ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi wà látìgbà tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú l'Abuja. Jẹjẹrẹ ọmú ni, ó sì ti dé eegun ká tó mọ̀. Dókítà, obìnrin kan tí kò jù mí lọ púpọ̀, ṣàlàyé fún mi dáadáa. Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń ka iye rẹ̀, tó bá ń lọ sílẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́, tó bá ń gòkè, àwọn á tètè pààrọ̀ oògùn. Oṣooṣù la gbọ́dọ̀ lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní lab kan ní Utako. Mo gbọ́ o. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n iṣan Màámi ti sá. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n lè gún, torí èkejì wà níbi tí ọmú yẹn ti wú. Ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ á gún, á tún un gún, á ní kai, Mama, where your vein dey run go? Màámi á ní ó lọ kí àwọn ará ilé l'Ìkìrun. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Tá a bá wọ kẹ̀kẹ́ tán, Màámi á máa sunkún.

Lọ́jọ́ kan Màámi ní àwọn ò lọ mọ́. Mo mú form, mo dá lọ, mo fẹ́ lọ bẹ àwọn ará lab ni, Ọlọ́run ń gbọ́... Èrò pọ̀. Wọ́n pe orúkọ Màámi, orúkọ tí ọkùnrin ń jẹ́ tí obìnrin náà ń jẹ́, ẹni tó pè é ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo bá jókòó, mo na apá. Mo ní lọ́kàn mi pé ṣebí Màámi ló bí mi, ṣebí ẹ̀jẹ̀ wọn náà ni. Irú ọgbọ́n wo nìyẹn? Irú ọgbọ́n wo?

Result jáde, ó dára. Inú dókítà dùn, ó ní ká máa bá oògùn yẹn lọ. Màámi pe àwọn àbúrò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta... títí ó fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Mo parọ́ fún Màámi pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ ní lab ṣì kù lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó yá, ojú Màámi di yẹ́lò. Wọ́n ṣe scan, jẹjẹrẹ náà ti gba gbogbo ẹ̀dọ̀. Dókítà kó àwọn result yẹn síwájú, ó ń mi orí, ó ní ká ní ó hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn ì bá ti pààrọ̀ oògùn tipẹ́. Ó ní ara Màámi ò lè gba oògùn mìíràn mọ́, kí n ṣáà máa tọ́jú wọn kí ìrora má pọ̀.

Ara wọn ni Màámi ń dá lẹ́bi. Wọ́n ní bóyá ẹran tí àwọn ń jẹ ni, bóyá ẹ̀rí tí àwọn jẹ́ ti yá jù. Lánàá wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń bẹ̀ mí, pé kí n má bínú pé àwọn fi gbogbo wàhálà mi ṣòfò. Èmi ni wọ́n ń bẹ̀ o...

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin òbí rí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn lọ? Àbí kí n sọ ọ́, kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa gbọ́ gbẹ̀yìn láyé nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Láti Sunday ni wọn ò ti jẹun mọ́.