Ilà Ojú Màmá Àkànkẹ́ àti Ti Ọmọláńgidi Rẹ̀

Ní Darkuman, nílùú Akíráà, ni a bí Màmá Rebecca Àkànkẹ́ Abọ́dúnrìn lọ́dún 1948. Àrówólò, oníṣòwò aṣọ tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni baba wọn. Ojúọlá ni ìyá wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ pélé mẹ́ta-mẹ́ta sí wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn àgbà ní bí ilà bá jinná, oge ní í dà. Lójú Màmá, kò dà á.

Nílé ìwé, "Alata olójú híha" ni àwọn ẹgbẹ́ ń pè wọ́n; Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì fi Gánà sílẹ̀ lọ́dún 1969, èdè Gã dá ṣáká lẹ́nu Màmá, àmọ́ ojú wọn ti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lanu. Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n padà sí ni wọ́n ti fẹ́ olóògbé Josiah Abọ́dúnrìn lọ́dún 1972.

Ọdún 1993 ni wọ́n padà sí Akíráà, pẹ̀lú àtíkè tó nípọn lójú. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń dúró sí. Kò sí fọ́tò tí wọn kò ti fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní ọjà Kantamanto, wọ́n ń ra àwọn ọmọláńgidi àlòkù tó máa ń wà láàárín aṣọ òkèèrè. Wọn á wẹ̀ wọ́n, wọn á gán irun tuntun sí wọn lórí, wọn á rán ìró àti bùbá tóńtó, wọn á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, wọn á kun ètè wọn. Ọmọdé tó bá ti gbé ọ̀kan, ẹkún ni yóò fi gbé e sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún 2009, Phoebe, ọmọ ọmọ wọn, mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fa pélé sí ọmọláńgidi kan lẹ́rẹ̀kẹ́. Oníbàárà kan bú sẹ́rìn-ín: "Ei, Màmá! Ṣé ológbò ló ha eléyìí lójú ni?" Màmá bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n ki àkísà bọ kẹrosíìnì, wọ́n nù ún kúrò.

Phoebe ní, "Màmá, ẹ̀yin mà ni mo yà. Ṣé kò dáa ni?"

A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni; Màmá sì ti fi júwe é lójú ọmọdé. Kẹrosíìnì ti bó ọ̀dà, ó fi àpá funfun sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọláńgidi náà. Ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n tà á. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ló ń gbé láti ìgbà náà. Wọn á gbé búrọ́ọ̀ṣì, wọn á tún gbé e kalẹ̀.

Nínú àìsàn tó gbẹ̀yìn, lọ́dún 2021, wọ́n ránṣẹ́ pe Phoebe, tó ti di aránṣọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá mi, bá mi fa pélé ọmọláńgidi yẹn padà. Bí mo bá sì kú, kí ẹnikẹ́ni má kun àtíkè fún mi."

Àwọn ọmọ wọn, Ọláídé àti Àdìgún, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú Phoebe àti àwọn ọmọ ọmọ mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ wá wò wọ́n lórí ìtẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dáadáa. Àwa tí wọ́n bí gan-an, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i kedere.

Sùn re o, Àkànkẹ́ ọmọ Àrówólò. Àwọn tó kọ ọ́ nílà yóò dá ọ mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.