Orúkọ Tamsin ní Òdìkejì Odò

Àìdáhò, Oṣù Kẹsàn-án, 1978

Orrin àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù Àláskà kò pọ̀ jù? Orúnkún Màmá ti ń san.

Omi odò fà gan-an lọ́dún yìí. Lánàá, Delmar tó ń ṣọ́ ọgbà etí odò pè mí sí òdìkejì, níbi tí kẹ̀kẹ́ màlúù àwọn tó ń ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn láyé àtijọ́ ti máa ń gòkè odò. Ó ní, "Verna, wá wo èèyàn yín!" Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta tí omi máa ń bò tẹ́lẹ̀ pé: "Èmi Tamsin Pruett gòkè odò láàyè."

Tamsin, àbúrò ìyá ìyá Màmá, tí wọ́n ní odò yìí gbé lọ! Mo mú Màmá débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Màmá ń fọwọ́ tọ ipa ọ̀rọ̀ ara òkúta náà títí, wọ́n ní, "Kò kú! Àṣé ó sá lọ ni, tí ẹbí fi irọ́ bò ó. Ta ló wá bá lọ?"

Jọ̀ọ́, tú Bíbélì ilé wa tó wà lọ́dọ̀ rẹ wò, níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹbí sí, bóyá wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Tamsin tí wọ́n sì pa á rẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́. Màmá ní àwọn ò ní kú láìmọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run máa bò yín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Verna